Agbẹnusọ àti Ẹsẹ̀ Bàbá Onígẹdú

Obìnrin kan wà tí ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, kò jókòó sílé, kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìbàdàn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó di agbẹnusọ fún àwọn aláìsàn.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Bí ara olówó kan kò bá yá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tàbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè, wọn a ránṣẹ́ pe obìnrin yìí. Òun ni yóò bá aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ni yóò jókòó tì í nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀. Ohun tí dókítà bá fi èdè ìṣègùn sọ, yóò tú u sí èdè tí ènìyàn ń sọ nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ fún aláìsàn ní oògùn méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé nínú ikùn kan, yóò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná." Bí ọ̀rọ̀ bá sì ta kókó, yóò wá dókítà mìíràn tí yóò tún un wò. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o ni wọ́n ń gbà á síṣẹ́, nítorí kò sí ilé ìwòsàn tí ó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í pariwo, kì í sì í gbọ̀n. Àwọn dókítà kan kì í fẹ́ rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó ń bi àwọn léèrè bí ọlọ́pàá. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn kan náà ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọwọ́ sí àwọn olówó tí wọ́n bá wá bá wọn. Bí ẹnì kan bá sì bi í pé ta gan-an ni ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí ó ń sanwó ni tàbí ẹni tí ó ń ṣàìsàn, ìdáhùn kan ni ó ní. Yóò ní, "Ẹni tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ lára ni ọ̀gá mi." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ń gbìyànjú láti mú un ṣẹ.

Ní ọdún kan, wọ́n gbé bàbá onígẹdú kan wá láti Oǹdó. Bàbá yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń la igi nínú igbó nígbà èwe wọn, tí ọ̀kan wà lókè igi, tí èkejì wà nínú kòtò nísàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun igi ń kún ojú ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ra ẹ̀rọ, tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ ìlagi, tí ó fi di ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń gbé gẹdú lọ sí èbúté. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí gbogbo ìlú fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó bí ọmọ méjì tí wọ́n yè, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọkùnrin, àrẹ̀mọ, ń ṣòwò ní Èkó. Obìnrin wà ní Kánádà.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá bàbá yìí jà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí bàtà há a lẹ́sẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi bó, kò kà á sí. Ó fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ dì í, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Egbò náà kò jinná. Ó kẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi máa mọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ti dúdú bí èédú. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì gba agbẹnusọ náà kí ó dúró tì í.

Dókítà tí ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì bàbá, ó fi ìka fa ilà sórí ojúgun rẹ̀, níbi tí ó sún mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún. Ó ní, "Baba, ibí yìí ni a ó ti gé e. Bí a bá tètè ṣe é, orúnkún yín yóò kù. Ẹni tí ó bá ní orúnkún lè wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, kí ó mú ọ̀pá, kí ó sì máa rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi falẹ̀, oró egbò yìí yóò máa gòkè ni. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́."

Bàbá wo ilà tí dókítà fà. Ó ní, "Rárá." Ó sì yí ojú sí ògiri.

Agbẹnusọ tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó lè dá a lójú pé ó yé e. Ó yé e. Ó tún ní, "Rárá," kò sì fi nǹkan kan lé e.

Lọ́jọ́ kejì, àrẹ̀mọ dé láti Èkó. Ó pe agbẹnusọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù sí àárín wọn kí àbúrò rẹ̀ ní Kánádà lè máa gbọ́. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni Baba ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà kàn fẹ́ fọ egbò náà dáadáa ni. Bí abẹ́rẹ́ oorun bá ti gbé wọn lọ, kí dókítà ṣe ohun tí ó bá yẹ. Bí wọ́n bá jí, wọn yóò bínú, ṣùgbọ́n wọn yóò wà láàyè tí wọn yóò fi bínú."

Agbẹnusọ wò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Ọmọ tí kò fẹ́ sin bàbá rẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó ní, "Ẹ fi ara yín sí ipò wọn. Ẹ sùn, ẹ jí, ẹ na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ láti họ ẹsẹ̀ yín, ẹ kò bá a níbẹ̀. Ta ni ẹ óò tún gbàgbọ́ láyé?"

Àrẹ̀mọ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àwa la gbà yín síṣẹ́, nọ́ọ̀sì!"

Agbẹnusọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbà mí pé kí n máa gba ẹnu Baba sọ̀rọ̀. N kò lè gba ẹnu wọn tán kí n tún wá fi purọ́ fún wọn."

Ẹkún ni wọ́n gbọ́ láti inú fóònù. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ." Àrẹ̀mọ lọ dúró ní ojú fèrèsé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ti wà lẹ́yìn obìnrin yìí. Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà dára, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ bàbá lé orí bí ẹni gbé ẹrù ọba. Ó gbé èsì àyẹ̀wò lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn ní ilé ìwòsàn mìíràn. Ẹni náà sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn oògùn líle kan wà tí wọ́n lè fi dá egbò náà dúró fún ìgbà díẹ̀, bí aláìsàn bá kọ abẹ. Obìnrin náà di ìgbà díẹ̀ yìí mú. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé, ó dúró níwájú ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ó ní, "Baba ní àwọn kò fẹ́. Orí wọn pé, ojú wọn ríran, ohun tí à ń sọ yé wọn. Ara wọn ni." Wọ́n fi oògùn sí i, wọ́n sì dúró.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà bá a ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Ó bi í pé, "Ṣé Baba sọ ìdí rẹ̀ fún yín?"

Ó dáhùn pé, "Àgbàlagbà ni. Kò di dandan kí ó sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni."

Dókítà mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú obìnrin náà dùn sí ìdáhùn yìí. Bí ó ti ń wakọ̀ lọ sílé, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ tán. Ibà dé. Òórùn egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí ènìyàn tó wọlé. Dúdú tí ó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó rékọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ń bọ̀ lókè. Bàbá kò jẹun mọ́. Àrẹ̀mọ ń wá lójoojúmọ́, ó ń kí agbẹnusọ bí ẹni kí àjèjì, ó sì ń lọ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àrẹ̀mọ jáde lọ ra omi. Agbẹnusọ ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí bàbá. Bàbá la ojú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì."

"Baba."

"Ẹni tí wọ́n bá gé lẹ́sẹ̀, ṣé ó tún lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

Ìdáhùn ti wà ní ẹnu obìnrin náà. Ó fẹ́ sọ ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ó fẹ́ sọ ti àwọn tí ó ti rí tí wọ́n gùn ún. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà dá a dúró. Kì í ṣe ohùn ẹni tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo ni, Baba?"

Bàbá ní, "Àwẹ̀ró wà lókè."

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Agbẹnusọ mọ̀ pé bàbá ní ìyàwó, àwọn ọmọ ti sọ fún un pé ìyá àwọn rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, pé wọ́n ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ó ti gbọ́ ọ bí ènìyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ìsinsìnyí ni ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ni ín.

Bàbá ní, "Nígbà tí àìsàn náà dé sí i, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwọ kò mọ Àwẹ̀ró. Obìnrin tí ó lẹ́wà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí àlejò kankan rí òun mọ́. Ó ní kí n gbé òun sí òkè, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun sọ̀kalẹ̀ láéláé. Mo ṣèlérí fún un. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo máa ń gòkè lọ bá a. Bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ó ti mọ̀ pé èmi ni. N óò sọ ẹni tí ó wá fún un, n óò sọ igi tí a là fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ọmọ tí ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́ ọ, àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ."

Ó sinmi, nítorí èémí rẹ̀ kò tó.

"Bí ẹ bá gé e, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò fi mí sí. Òun wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, nínú ilé kan náà. Ta ni yóò máa gbọ́ ọ? Yóò rò pé mo ti pa òun tì ni. Nọ́ọ̀sì, mo ti rò ó títí. Kí wọ́n kúkú gbé òkú mi gòkè lọ hàn án, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe pé n kò fẹ́ wá."

Agbẹnusọ ní, "Baba, ẹ kò sọ èyí fún àwọn ọmọ?"

"Wọn kò bi mí. Wọ́n ń sọ tiwọn fún mi ni."

"Èmi náà ńkọ́?"

Bàbá yí orí sí i. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ, kò sọ ọ́ láti fi bá a wí. Ọpẹ́ ni ó ń dá. Ó ní, "Ìwọ ń bá wọn jà fún mi. O jà dáadáa, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún ọ."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Obìnrin yìí ti di ẹ̀fà mú, ó ti fi jà káàkiri Ìbàdàn, kò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó ti gbé "rárá" bàbá láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí èkejì bí ẹni gbé àpótí tí a tì pa, ó ń gbèjà àpótí náà, kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó jókòó tì í lójoojúmọ́. Ó mọ iye ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè é lókè.

Nígbà tí àrẹ̀mọ padà, agbẹnusọ mú un jáde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìkankan pamọ́. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Bí mo bá dé ilé, mo máa ń gòkè kí wọn. N óò ní, 'Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.' Wọn óò sọ nǹkan kan. N óò ní, 'Ẹ ṣeun, mà,' n óò sì sọ̀kalẹ̀." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Obìnrin náà ní, "Ìlérí tí Baba ṣe, ọ̀dọ̀ Màmá nìkan ni a ti lè tú u. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Wọ́n lọ sí Oǹdó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá náà jókòó sínú àga lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e ró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú sórí itan. Nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó ń retí, ojú náà wálẹ̀. Agbẹnusọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sọ ti egbò náà fún un, ó sọ ti abẹ, ó sọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi kọ̀. Kò fi ọ̀kankan pamọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mà, kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe?" Ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn. Àrẹ̀mọ fẹ́ la ẹnu, agbẹnusọ na ọwọ́ sí i pé kí ó dúró. Ẹnu ìyá náà ń mì, ohùn kò jáde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan já.

"Gbé mi."

Agbẹnusọ ní, "Kí a gbé yín lọ síbo, mà?"

Inú bí ìyá náà sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀!"

Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè, ó nawọ́ sí ìborùn rẹ̀ tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Agbẹnusọ fi bò ó lórí, ó sì fa etí ìborùn náà kan wá sí iwájú kí ó bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn tí ó wà nílé ń wá bí wọn yóò ti gbé àga náà gba orí àtẹ̀gùn. Àrẹ̀mọ ní kí wọ́n fi àga sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní kí wọ́n gbé e lé òun lẹ́yìn. Báyìí ni ọkùnrin tí ó ti ní ọmọ ní yunifásítì ṣe pọn ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ké sí i pé, "Màámi, ẹ dì mí mú o."

Nígbà tí wọ́n tì í wọ wọ́ọ̀dù lórí kẹ̀kẹ́, bàbá rò pé ibà ni ó ń mú kí òun máa rí nǹkan. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta ló gbé ọ sọ̀kalẹ̀?" Ìyá náà na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi lé ẹsẹ̀ bàbá lórí aṣọ tí ó bò ó, láìka òórùn náà sí, ó sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan náà ká ìborùn kúrò ní ẹnu rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Ó gùn díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ nínú àwọn tí ó dúró. Ṣùgbọ́n bàbá bú sẹ́rìn-ín. Aláìsàn tí ó ti dójú ikú bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Àwọn ọmọ bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ni ìyá àwọn sọ, kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Bàbá wá ní, "Ẹ pe dókítà. Ẹ gé e."

Wọ́n gé e lọ́jọ́ náà. Nígbà tí dókítà jáde, agbẹnusọ dìde dúró. Dókítà bọ́ ìbòmú rẹ̀. Ó ní, "Baba yóò yè." Ó tún ní, "A kò rí orúnkún gbà là. Ó ti gòkè jù. Ìbá ṣe pé ní ìgbà tí a kọ́kọ́..." Kò parí rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fọwọ́ kàn án ní èjìká, ó sì kọjá.

Kò sí ẹni tí ó dá obìnrin náà lẹ́bi. Ọmọbìnrin Kánádà fi ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àrẹ̀mọ dọ̀bálẹ̀ kí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí ara bàbá mókun díẹ̀, tí wọ́n ti gbé e padà sí Oǹdó, sí yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n tún ṣe fún òun àti ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà lọ bá a. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Orúnkún yín yìí, èmi ni mo fi ṣòfò."

Bàbá ní, "Báwo? Èmi ni mo ní rárá. Èmi ni n kò sọ ìdí."

Ó ní, "Ẹ kò sọ nítorí pé n kò bi yín. Ìbá ṣe pé mo bi yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ ojú sí ògiri, ẹ̀yin ìbá ti máa fi ọ̀pá rìn báyìí."

Bàbá ronú sí i. Kò sá fún ọ̀rọ̀ náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó ní, "Òótọ́ ni. O kò bi mí." Ó wo ibi tí aṣọ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Jọ̀wọ́, tì mí sún mọ́ Àwẹ̀ró. Ó ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ọ dáadáa láti ibí."

Obìnrin náà tì í sún mọ́ ọn.

Ọmọ mi, o kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi sọ àkàwé yìí, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n. O wá bá mi ní òwúrọ̀ yìí, o ní ọ̀la ni ẹbí yín yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ tí ó kọ̀ láti kúrò nínú ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti ń lanu. O ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fi ẹ̀tàn gbé e kúrò, pé ìwọ nìkan ni yóò dúró tì í. O sọ gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ níwájú wọn fún mi. Ó dára, ó sì wọni létí. Bí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, n kò ní mọ èsì tí n óò fọ̀.

Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ pé, kí ni ìyá rẹ ń dì mú nínú ilé náà? O ní, "Màmá ti ní àwọn kò lọ, ó tán." Kò tán, ọmọ mi. Ẹni tí ó kọ̀ láti purọ́ fún ìyá rẹ̀ ti ṣe dáadáa, mo sì yìn ọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè má purọ́ fún ẹni kan, kí ó gbèjà rẹ̀, kí ó bá gbogbo ayé jà nítorí rẹ̀, kí ó má sì gbọ́ ọ rárá. Nígbà mìíràn, ẹni tí ń gbèjà wa gan-an ni kì í bi wá ní nǹkan kan, nítorí ó ti rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ilé tí ń lanu kò sì ní dúró de ẹjọ́ rẹ títí.

Nítorí náà, má tíì lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ tò. Oòrùn ṣì wà lókè. Dìde níbí, gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lọ. Bá a jókòó. Bi í ní ohun tí ó fi kọ̀. Lẹ́yìn náà kí o pa ẹnu rẹ tí ó dùn yìí mọ́, bí ìdákẹ́jẹ́ náà ti wù kí ó gùn tó, títí yóò fi dá ọ lóhùn.